Òtẹ́ẹ̀lì òru kan ní ìgbèríko Faransé: ìbéèrè àwọn ìdílé tó ń wakọ̀ kọjá, àti ìdáhùn

Lọ́dọọdún, bí ilé ìwé bá ti ń palẹ̀ mọ́ ní oṣù keje, ọ̀pọ̀ ìdílé wa ní London, Kent àti Birmingham máa ń di ẹrù sínú mọ́tò, wọ́n á gba Folkestone tàbí Dover kọjá sí ilẹ̀ Faransé, wọ́n á forí lé etíkun gúúsù tàbí ilẹ̀ Sípéènì. Èmi àti ọkọ mi ti gba ọ̀nà yìí pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun tí wọ́n sì máa ń bi mí jù kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì ibi tí wọ́n ń lọ. Ti àárín ọ̀nà ni: ilé tí èèyàn máa wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tó máa fi sílẹ̀ láàárọ̀. Èrò mi lórí rẹ̀ ni pé aago tí ẹ máa dé àti ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ tó wo àwòrán òtẹ́ẹ̀lì kankan.

Ṣé dandan ni ká sùn lójú ọ̀nà? Ọkọ mi ní òun lè wà á tán lọ́jọ́ kan.

Ó lè wà á tán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Calais sí Marseille lé ní 1,000 kìlómítà. Eré tó pọ̀ jù tí òfin gbà ní òpópónà márosẹ̀ wọn ni 130 kìlómítà ní wákàtí kan, bí òjò bá ń rọ̀, ó di 110. Kò sì sẹ́ni tó ń sá 130 látìbẹ̀rẹ̀ dópin: ẹ ó ra epo, ẹ ó tò ní tóògéètì, ọmọ á fẹ́ tọ̀. Aago Faransé tún fi wákàtí kan ṣíwájú ti Britain. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé mọ́tò gba abẹ́ òkun kì í lò ju ìṣẹ́jú 35 lọ, síbẹ̀ bó bá gbéra ní Folkestone ní aago mẹ́wàá àárọ̀, aago mọ́kànlá ààbọ̀ á ti kọjá ní Calais kí ẹ tó sọ̀.

Òfin ibẹ̀ tún ni pé ẹ̀yìn mọ́tò ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 máa jókòó sí. Ọmọ mẹ́ta tó fún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú, àárẹ̀ wọn kì í tán lọ́jọ́ kejì. Ẹ sùn lójú ọ̀nà.

Ibo gan-an ni ká dúró sí?

Ẹ má fi rúlà wọn ìdajì ọ̀nà lórí máàpù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti aago tí ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ kà á padà sẹ́yìn. Ní tèmi, a gbọ́dọ̀ ti dé kí aago méje tó lù.

Ẹni tó ń lọ sí Lyon, Provence tàbí etíkun Mẹditaréníà máa gba òpópónà márosẹ̀ A26. Reims tó nǹkan bí 270 kìlómítà láti Calais, Troyes sì tó nǹkan bí 400. Bí ẹ bá kúrò ní Calais lọ́sàn-án, agbègbè Troyes ló dára láti sùn. Bí ẹ bá jí wọ ọkọ̀ ìdájí, ẹ lè dé Langres, ìlú tí odi àtijọ́ yí ká lórí òkè, tàbí Beaune, tó tó nǹkan bí 600 kìlómítà, tàbí Tournus lẹ́bàá odò Saône. Mo fẹ́ràn Tournus: ìlú kékeré ni, ó sún mọ́ òpópónà A6, àwọn ọmọ sì lè sáré díẹ̀ létí odò kí wọ́n tó sùn.

Ẹni tó ń lọ sí Bordeaux máa gba Abbeville, Rouen, Le Mans àti Tours. Ẹni tó ń lọ sí Toulouse lè gba A20, èyí tí wọn kì í gba owó lórí rẹ̀ láti Vierzon títí dé ẹ̀bá Brive. A75 pẹ̀lú, láti Clermont-Ferrand dé Béziers, ọ̀fẹ́ ni, àfi afárá Millau tí wọ́n ṣí ní 2004. A75 yìí gun òkè kọjá 1,000 mítà níbì kan, òru ibẹ̀ sì máa ń tutù kódà nínú oṣù kẹjọ. Ẹ rántí èyí bí ẹ bá ń sá fún ooru.

Ẹ wo bí òtẹ́ẹ̀lì ṣe jìnnà sí ibi tí ẹ ó ti sọ̀ kúrò ní márosẹ̀. Ọ̀nà ìgbèríko kì í ṣe márosẹ̀: 80 ni òfin gbà ní ibi tó pọ̀, 90 níbòmíràn, ó sì máa ń gba àárín abúlé kọjá, níbi tí ẹ ti máa rọra. Kìlómítà 25 lè gba ìdajì wákàtí, ẹ ó sì tún padà gbà á láàárọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ìjáde ló tó lójú tèmi.

Òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà létí márosẹ̀ tàbí ilé kékeré inú abúlé, èwo ló dára?

Bí ẹ bá máa pẹ́ kí ẹ tó dé, ẹ lọ sí ti etí márosẹ̀. Irú wọn ni ibis budget, B&B Hotels, Première Classe, Campanile àti Kyriad. Yàrá wọn kì í fẹ̀, wọn kì í lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà wọn sì máa ń ṣeé ṣí pẹ̀lú kóòdù bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó. Ẹ fi ojú ṣọ́ ìyàtọ̀ àárín orúkọ tó jọra: ibis àti ibis budget kì í ṣe ọ̀kan náà.

Bí ẹ bá lè dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ wá òtẹ́ẹ̀lì ìdílé nínú abúlé. Ọ̀pọ̀ wọn wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Logis, tó ti wà láti 1949. Àmì ààrò ni wọ́n fi ń sọ bí ilé ṣe dẹrùn tó, àmì ìkòkò sì ni wọ́n fi ń díwọ̀n oúnjẹ. Ohun tó mú mi fẹ́ràn wọn ni pé ilé oúnjẹ wà nísàlẹ̀, yàrá wà lókè. Ọmọ tó bá sùn lórí tábìlì, ẹ gbé e gun àtẹ̀gùn, ó parí. Kò sí mọ́tò, kò sí wíwá ọ̀nà nínú òkùnkùn.

Ẹ tún máa rí “chambre d’hôtes”. Ilé èèyàn ni, ẹni tó ní in ń gbé inú rẹ̀. Òfin kò gbà kó ju yàrá 5 lọ tàbí kó gba ju àlejò 15 lọ, oúnjẹ àárọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú owó rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá kọ “table d’hôtes” sí, ẹ lè bá onílé jẹun alẹ́ lórí tábìlì kan náà. Ó dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé tí àwọn àlejò yòókù ti ń gbọ́ ẹkún ọmọ yín láti inú yàrá kejì kò bá ọmọ ìkókó mu. Ní ti “gîte”, ìyẹn ilé ìsinmi tí èèyàn ń háyà lódindi, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n sábà máa ń fi gbani sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi sílẹ̀ fún ibi tí ẹ ń lọ gan-an.

Ìràwọ̀ tó wà lára òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́?

Ọ̀kan sí márùn-ún ni, àjọ Atout France ló ń bójú tó o, ọdún márùn-ún ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Bí yàrá ṣe fẹ̀ tó àti ohun èlò tó wà ńbẹ̀ ló ń wọ̀n jù. Kò sọ bóyá reluwé ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé. Òtẹ́ẹ̀lì kò sì ní dandan láti gba ìràwọ̀, nítorí náà ẹ má fi ojú burúkú wo èyí tí kò ní.

Márùn-ún ni wá. Báwo la ṣe ń gba yàrá?

Ibí yìí ni ìdílé wa ti ń ṣìnà jù, nítorí a gbàgbọ́ pé ọmọ lè há mọ́ àárín bàbá àti ìyá. Nínú ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ní Faransé, bẹ́ẹ̀dì ẹni méjì kò fẹ̀ ju 140 sẹ̀ǹtímítà lọ. Àgbàlagbà méjì kún un pátápátá.

Ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lórí ìkànnì wọn: “triple” jẹ́ yàrá ẹni mẹ́ta, “quadruple” ti ẹni mẹ́rin, “chambre familiale” jẹ́ yàrá ìdílé. “Chambres communicantes” jẹ́ yàrá méjì tí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn, òun sì ni mo máa ń yàn fún ẹni márùn-ún. Bí ẹ bá gba yàrá méjì lásán láìsọ̀rọ̀, wọ́n lè fún yín ní ọ̀kan ní àjà kìíní, èkejì ní àjà kẹta, kí bàbá wà níbì kan, ìyá níbòmíràn, kí ọmọ ọdún mẹ́fà máa wá ìyá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní aago méjì òru.

“Lits superposés” ni bẹ́ẹ̀dì alájà méjì. Ìlànà ààbò wọn ní Faransé ni pé ti òkè kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Bí ọmọ yín méjì bá kéré ju ìyẹn lọ, yàrá tí wọ́n pè ní ti ẹni mẹ́rin kò gba ẹ̀yin mẹ́rin. “Lit bébé” ni ibùsùn ọmọ ìkókó. Ìwọ̀nba ni èyí tó wà nínú òtẹ́ẹ̀lì kékeré, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ẹ sọ iye èèyàn tí ẹ jẹ́ gan-an, kí ẹ sì sọ ọjọ́ orí ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọmọ kẹta pamọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ iye ẹ̀mí tó wà nínú ilé wọn bí iná bá ṣẹ́ yọ, wọ́n sì lè má jẹ́ kí ẹ wọlé.

A lè má dé kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù. Ṣé ìṣòro wà níbẹ̀?

Ó wà, ó sì le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nínú ìlú ńlá, ẹnì kan máa ń wà níbi ìgbàlejò mọ́jú. Ní abúlé, ẹni tó ń gba àlejò ni ó ń dáná, òun náà ló máa gbọ́ oúnjẹ àárọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń ti ibi ìgbàlejò lọ́sàn-án, wọ́n á ṣí i padà ní aago mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá.

Ní ọdún àkọ́kọ́ wa, ìjàǹbá ọkọ̀ kan sé ọ̀nà mọ́ wa lẹ́yìn Reims. Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ kí a tó dé abúlé náà. Iná ti kú, ilẹ̀kùn ti wà ní títì, kò sí ẹnì kan lójú títì. Àbúrò wọn sùn léjìká mi, ẹ̀gbọ́n ń sunkún. Nọ́ńbà kan wà lára ilẹ̀kùn, ọkọ mi pè é, ó dún títí kó tó di pé obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsùn lọ́rùn. Ó ti fi ímeèlì ránṣẹ́ lọ́sàn-án láti bi wá léèrè aago tí a máa dé, a kò sì rí i torí pé ojú ọ̀nà la wà. Kò sọ̀rọ̀ burúkú kankan sí wa, ó kàn ràn wá lọ́wọ́ gbé báàgì. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì kúrò nílé láìpe òtẹ́ẹ̀lì ní ọjọ́ tó ṣáájú.

Nítorí náà, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: aago wo lẹ ń ti ilẹ̀kùn, ṣé kóòdù wà fún ẹni tó bá pẹ́, nọ́ńbà wo la máa pè. Ẹ kọ kóòdù náà sórí ìwé, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù nìkan. Bí ọ̀nà bá sì dí, ẹ pè wọ́n ní kété tí ẹ bá ti mọ̀.

Oúnjẹ alẹ́ ńkọ́? Ṣé a lè gbé oúnjẹ tiwa dání?

Ilé oúnjẹ abúlé kì í dáná fún èèyàn nígbàkigbà tó bá wù ú. Ọ̀sán jẹ́ aago méjìlá sí méjì, alẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago méje tàbí méje ààbọ̀, wọn kì í sì gba ẹni tuntun mọ́ bó bá ti tó aago mẹ́sàn-án. Láàárín, wọn kò dáná. Ọ̀pọ̀ wọn ló tún máa ń tì ní alẹ́ Sunday àti ní ọjọ́ Monday, ọjọ́ méjì tí ìdílé tó ń rìnrìn àjò sábà máa ń wà lójú ọ̀nà! Bí òru yín bá bọ́ sí ọ̀kan nínú wọn, ẹ béèrè lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì bóyá wọ́n ń dáná lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí wọn kò bá dáná, ẹ ra oúnjẹ ní ilé ìtajà lójú ọ̀nà kí ẹ tó wọ abúlé, nítorí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti máa tì ní ọ̀sán Sunday.

“Demi-pension” túmọ̀ sí pé yàrá, oúnjẹ alẹ́ àti oúnjẹ àárọ̀ wà nínú owó kan. Fún òru kan, mo máa ń rí i pé ó rọrùn. “Menu enfant” ni ti ọmọdé, ẹran lílọ̀ àti ọ̀dùnkún díndín ló sábà máa ń jẹ́. Omi ẹ̀rọ inú “carafe” jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ má san owó omi inú ìgò bí ẹ kò bá fẹ́. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ ṣọ́ra fún “lardons” àti “jambon”: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni méjèèjì, wọ́n sì máa ń fi sínú sàláàdì àti páì tí ẹ ò rò ó sí. Ẹ sọ pé “sans porc”, ìyẹn ni pé kí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ má sí nínú rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ tiwa, láti 2021, ẹni tó bá ti Britain wọ Faransé kò gbọ́dọ̀ gbé ẹran tàbí wàrà wọlé, tàbí oúnjẹ tó ní wọn nínú. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó ní adìyẹ, mọ́ínmọ́ín tó ní kọ́ńbíìfù, mítípáì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nílé. Wọ́n gba wàrà oníyẹ̀fun ti ọmọ ìkókó, tí kò ju kílò 2 lọ. Wọ́n gba ẹja náà ní ìwọ̀nba. Àkàrà àti ẹja díndín ni èmi máa ń kó, àwọn ọmọ á ti jẹ ẹ́ tán kí a tó rí Reims.

Ẹ má sì gbọ́únjẹ nínú yàrá. Kẹ́tùlù kì í sábà sí nínú yàrá wọn bíi ti Britain, nítorí náà ẹni tó nílò omi gbígbóná fún ògì ọmọ tàbí fún gàrí ẹ̀bà, kó béèrè nísàlẹ̀ tàbí kó mú tirẹ̀ dání pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń yí ẹnu plọ́ọ̀gì padà. Ẹlẹ́nu méjì roboto ni tiwọn.

Ṣé oúnjẹ àárọ̀ wà nínú owó yàrá?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá, àfi ní chambre d’hôtes. Orí ni wọ́n ń kà, owó ẹni márùn-ún sì lè wúwo. Bí ilé búrẹ́dì bá wà nítòsí, ẹ ra ti ibẹ̀ ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, ẹ jẹ ẹ́ lọ.

A ti Nàìjíríà wá. Ṣé ó yẹ ká bẹ̀rù ooru Faransé?

Ó yẹ. Ní oṣù kẹjọ 2003, ooru pa nǹkan bí 15,000 èèyàn ní ilẹ̀ náà. Ilé olókùúta tí oòrùn ti pa látàárọ̀, tí kò ní fáànù, tí yàrá rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé, máa ń mú ju iyẹ̀wù wa ní Ìbàdàn lọ. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ìgbèríko kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí náà ẹ wá ọ̀rọ̀ náà “climatisation”, ẹ sì béèrè bóyá inú yàrá ló wà tàbí ilé oúnjẹ nìkan.

Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n má fún yín ní yàrá òkè pátápátá. Fèrèsé wọn máa ń ní ìbòjú onípákó tí wọ́n ń pè ní “volets”. Ẹ pa á dé bí oòrùn bá ṣì wà, ẹ ṣí fèrèsé lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú. Àmọ́ bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ó ń lù ní gbogbo wákàtí, kódà lóru. Yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ló dáa.

Mọ́tò àti ẹrù wa ńkọ́?

“Parking clos” ni ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ní géètì. Bí ẹrù bá wà lórí òrùlé mọ́tò, ẹ béèrè ìwọ̀n gíga ẹnu ọ̀nà. Pasipọ́ọ̀tù, fóònù àti oògùn, ẹ kó wọn wọlé. Mo máa ń di báàgì kékeré kan fún òru náà nìkan, aṣọ ìsùn àti búrọ́ọ̀ṣì gbogbo wa, kí a má tú búùtù lóru. Líìfítì kì í sí nínú ilé àtijọ́, nítorí náà ẹni tó bá mú ìyá àgbà dání kó sọ fún wọn kí wọ́n fún un ní yàrá ìsàlẹ̀.

Owó wo ló tún wà lẹ́yìn owó yàrá?

“Taxe de séjour” ni owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lórí àlejò kọ̀ọ̀kan lóru kọ̀ọ̀kan. Kò pọ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san án. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni bóyá ẹ lè fagi lé e. “Non remboursable” túmọ̀ sí pé owó náà ti lọ. Fún òru àárín ọ̀nà, tí ọkọ̀ lè pẹ́, tí ọmọ lè ṣàìsàn, mi ò ní rà á láé. Ẹ wá “annulation gratuite”, ìyẹn èyí tí ẹ lè fagi lé lọ́fẹ̀ẹ́.

Pasipọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ní, ìwé ìgbélùú Britain sì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé mo lè lọ?

Ìwé ìgbélùú Britain kì í ṣe físà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ Faransé àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ẹ gbọ́dọ̀ gba físà, ọmọ kọ̀ọ̀kan náà tí pasipọ́ọ̀tù rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀. Wọ́n máa béèrè ẹ̀rí ibi tí ẹ máa sùn, òru àárín ọ̀nà wà lára rẹ̀, nítorí náà ẹ gba òtẹ́ẹ̀lì tó ṣeé fagi lé, kí orúkọ gbogbo yín sì wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá dé òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n lè ní kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ara yín sínú fọ́ọ̀mù kan. Òfin ni fún àjèjì, kì í ṣe pé wọ́n fura sí yín.

A ò gbọ́ Faransé rárá.

Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ kan: “Bonjour”. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ó di “Bonsoir”. Ará Faransé kì í fẹ́ kí èèyàn béèrè nǹkan láìkọ́kọ́ kí òun, àwa náà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa, nítorí náà èyí kò lè ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Mo ti rí i bí ojú tó le ṣe tú ká torí pé àwọn ọmọ mi kí onílé kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ míì. Bí ẹ bá ní ará láti Kétu tàbí Àjàṣẹ́ ní Benin, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín pe òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ má sì tẹ̀lé gbogbo àkọlé tó ní “Hôtel”. “Hôtel de Ville” ni ilé ìjọba ìlú, “Hôtel de Police” ni àgọ́ ọlọ́pàá. “Hôtel-Dieu” ti Beaune, tó rẹwà bí ààfin, ilé ìwòsàn àwọn tálákà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1443 ni, ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí.

Ìgbà wo ló yẹ ká gba yàrá?

Tó bá jẹ́ ọjọ́ Saturday nínú oṣù keje tàbí ìkẹjọ, ẹ tètè gbà á, oṣù mélòó kan ṣáájú. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo Faransé ń pààrọ̀ ilé ìsinmi. Ìkànnì ìjọba kan wà tí wọ́n ń pè ní Bison Futé, ó máa ń fi àwọ̀ sọ bí ọ̀nà ṣe máa rí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, láti àwọ̀ ewé dé dúdú, èyí tó burú jù. Bí ẹ bá rí dúdú, ẹ rìn ní Tuesday tàbí Wednesday. Àyíká ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ náà máa ń kún, torí ọjọ́ ìsinmi ni. “Complet” lára ilẹ̀kùn túmọ̀ sí pé kò sí àyè.

Bí a bá dé, tí yàrá kò bá ohun tí a gbà mu ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ gòkè lọ wò ó kí ẹ tó já ẹrù. Kí ẹnì kan dúró ti àwọn ọmọ, kí ẹnì kejì lọ ka bẹ́ẹ̀dì, kó ṣí fèrèsé, kó wo ilé ìwẹ̀. Bí nǹkan bá kù, ẹ sọ ọ́ nísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fi gba yàrá lọ́wọ́. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n ṣì lè rí yàrá míì tàbí kí wọ́n pe òtẹ́ẹ̀lì abúlé kejì fún yín. Ní aago mẹ́wàá, matírẹ́ẹ̀sì ilẹ̀ ni wọ́n máa lè fún yín.